Iná Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Bàbá Mi

Awakọ̀ tírélà náà kọ́kọ́ kí bàbá mi dáadáa. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Òkun o, Bàbá," bí àwa ará Òkun ṣe ń kí ara wa. Ó béèrè àlàáfíà ara, ó béèrè ilé, ó kí ìyá mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ abíyá. Ìgbà tí ìkíni tán pátápátá ló tó sọ ohun tó gbé e wá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iná bíréèkì yín kì í kú. Láti ìlú Ìyàrá ni mo ti wà lẹ́yìn yín, ó kàn ń pọ́n ṣáá ni. Mo ti gbà pé bó ṣe wà nìyẹn. Ìgbà tí ẹ wá dúró lóòótọ́, mi ò mọ̀ pé ẹ dúró. Inú igbó ni mo ya ọkọ̀ sí. Ọlọ́run ló yọ gbogbo wa."

"Ewúrẹ́ ni mo dúró fún," ni Bàbá wí. Ohùn wọn ò yí padà. "Mo sì tẹ bíréèkì mi bó ṣe yẹ."

Mo jáde lọ wo tírélà náà lẹ́bàá títì. Koríko tútù há mọ́ ọn níwájú, ẹrẹ̀ bo táyà rẹ̀. Mo wo bó ṣe ga tó, mo wá bojú wẹ̀yìn wo ọkọ̀ kékeré tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta lẹ́nu géètì, mi ò sì gbọ́ ìwàásù kankan lọ́jọ́ náà.

Èmi obìnrin yìí ni àkọ́bí wọn. Kábà ni mò ń gbé, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba; Ìyàrá ni àwọn wà. Mùsùlùmí ni bàbá mi, onígbàgbọ́ ni ìyá mi, kò sì sí ẹni tó ka ìyẹn sí nǹkan bàbàrà lọ́dọ̀ wa. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá á lọ kírun ní mọ́sálásí Ìyàrá. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á wa ìyá mi wá sí Kábà, sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti rì í bọmi nígbà tó wà ní ọmọge, wọ́n á sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí ìsìn á fi parí. Àwọn ará ìjọ sọ wọ́n ní Díákónì Ìta. Inú wọn máa ń dùn sí orúkọ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Iṣẹ́ awakọ̀ ni Bàbá ṣe fẹ̀yìn tì. Wọ́n wa lọ́rì ìjọba, wọ́n wa àwọn ọ̀gá ńláńlá, kò sí kòtò kan lọ́nà Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Lọ́kọ́ja tí wọn ò mọ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń wakọ̀. Bí wọ́n bá ti wọlé sídìí ọkọ̀, wọ́n á bọ́ sálúbàtà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní bàtà ń purọ́ fún ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n máa ń ní kí ìyá mi jókòó sí, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, wọ́n á ní, "Màdáámù, ibo là ń lọ lónìí?" Ìyá mi á ní, "Ìwọ awakọ̀ yìí, o ti pẹ́ jù." Lójoojúmọ́ ayé ni wọ́n ń ṣeré yìí, kò sì sú wọn.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí, àwa ọmọ la dáwó jọ rà á fún wọn nígbà tí èyí tí wọ́n ń lò ti gbó kọjá àtúnṣe. Ọtomátíìkì ni, èyí tí kò ní kílọ́ṣì. Mo rò pé Bàbá á sàdúrà fún wa títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n yí ọkọ̀ náà po, wọ́n bẹ ìdí rẹ̀ wò, wọ́n ní, "Kò ní kílọ́ṣì? Kí wá ni kí ẹsẹ̀ òsì mi máa ṣe? Kó máa ka ìwé ìròyìn?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ní ọjọ́ kejì tí tírélà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n, mo ní kí Bàbá gbé ọkọ̀ náà wá sọ́dọ̀ rìwáyà kan nítòsí gáréèjì, ìyẹn àwọn tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe. Ọmọ Owé ni, ọmọ Kábà gan-an, aláriwo ènìyàn, ẹlẹ́rìn-ín. Kò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ tó fi sọ pé òun ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

"Ìyá mi," ló fi pè mí, "ẹ wá wò ó. Súwíìṣì kékeré kan wà lókè bíréèkì yìí. Bí ẹsẹ̀ bá ti kàn án, ẹ̀yìn á pọ́n. Kò tiẹ̀ nílò agbára rárá. Ẹ wo ìka mi." Ó fi ìka kan ṣoṣo kan bíréèkì náà, ògiri tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ sì pọ́n wòò. Ó gbé ìka kúrò, ó kú. "Súwíìṣì yẹn ló ti rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, kì í fẹ́ padà sáyè rẹ̀ mọ́."

Bàbá kì í jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n bá ń tún ṣe. Ìdúró ni wọ́n máa ń dúró, ọwọ́ lẹ́yìn, bí ẹni ń ṣọ́ olè. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí ó fi pààrọ̀ súwíìṣì náà. Ó tẹ bíréèkì, ó pọ́n. Ó gbẹ́sẹ̀, ó kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀, mo lọ sùn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo wà lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì bí mo ṣe máa ń wà. Mo rí wọn lókèèrè, wọ́n yà wọlé, wọ́n gba iwájú mi kọjá, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ń pọ́n. Mo ní bóyá torí pé wọ́n ń yà wọlé ni. Ọkùnrin kan tó gun ọ̀kadà tẹ̀ lé wọn láti orí òkè ló wá bá mi. Ó kí mi, ó kí mi, ó tún kí mi. Ọ̀rọ̀ ìkíni àwa ará Òkun yìí, nígbà míì ó máa ń dà bíi pé kí n ya ẹnu ènìyàn kí n fi ọwọ́ mú ọ̀rọ̀ náà jáde. Nígbà tó yá ló ní, "Ẹ bá wa sọ fún Bàbá, iná ẹ̀yìn wọn o."

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ yẹn, wọ́n wá jẹ iyán nílé mi. Bàbá wọlé dé pálọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀. Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí i. "Bàbá àwọn ọmọ, sálúbàtà yín kejì dà?" Bàbá wo ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀tún wọ sálúbàtà, òsì wà lásán. A jáde lọ wò ó, ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó dojú bolẹ̀, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rìn wọlé láìsí i. Ẹ̀rín pa wá. Ìyá mi ní, "Ìjẹta ló fi ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́nu mọ́sálásí. Ọ̀rọ̀ ìyàwó tuntun ló ń rò." Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyàwó ọ̀hún kò ní máa ní kí àwọn gbé òun lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀.

Mo dá ọkọ̀ padà fún rìwáyà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tú àga ẹ̀yìn, ó ṣí búùtù, ó fa wáyà jáde bí ìfun ewúrẹ́. Ó rí ibi tí irin búùtù ti ń họ ara wáyà kan, ó fi rọ́bà dì í. Ó rí gílóòbù kan tí wọ́n ti fi tipátipá kì bọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ní òun nìyẹn, òun gan-an ló ń kó iná ara wọn dàrú. Ó pààrọ̀ ẹ̀. Èmi fúnra mi wa ọkọ̀ náà yí Kábà po, mo gba ọjà, mo gba ọ̀nà ààfin, rìwáyà jókòó sórí ọ̀kadà lẹ́yìn mi, ó ń ṣọ́ iná. Iná náà kò yọ wá lẹ́nu rárá. Ó ń pọ́n nígbà tó yẹ, ó ń kú nígbà tó yẹ.

Ọjọ́ Ìsinmi dé, ó tún pọ́n wá láti Ìyàrá.

Inú bí mi. Mi ò ní parọ́, mo ṣèèyàn burúkú lọ́jọ́ Ajé yẹn. Mo dé ṣọ́ọ̀bù rìwáyà kí ó tó gbálẹ̀ tán, mo ní, "Ṣé o fẹ́ bá mi pa òbí mi ni? Sọ ọ́ kí n gbọ́!" Ọkùnrin náà kò fèsì burúkú. Ó fi tẹ́sítà kan gbogbo fíúsì níkọ̀ọ̀kan lójú mi, ó rọra pa bónẹ́ẹ̀tì dé.

"Ìyá mi, lọ́wọ́ tèmi, iná yìí ń kú. Lọ́wọ́ tiyín, ó ń kú. Ọ̀nà Ìyàrá nìkan ló ti ń ya wèrè. Bóyá bó bá ti rin jìnnà tó gbóná ni." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan irin táyà iwájú, ó sì yára yọ ọwọ́, torí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé ni. "Èyí náà gbóná jù o. Ẹ fi han mẹkáníìkì."

Mẹkáníìkì tú táyà, ó bú sẹ́rìn-ín. Bíréèkì tuntun tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sí i ti jẹ tán, irin ń lọ irin. Bàbá ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Gbogbo wa la gbà, torí ayédèrú ni gbogbo nǹkan báyìí. A ra òmíràn.

Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti gbádùn ọjọ́ Ìsinmi mọ́. Mo mọ ibi tí ọ̀nà ti gun òkè tó sì tún dà gẹ̀rẹ̀, mo mọ bí àwọn tírélà yẹn ṣe máa ń tú jáde níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá wà lẹ́yìn bàbá mi kò lè mọ ìgbà tí wọ́n ń dúró. Ẹ̀yìn sì ni ìyá mi ń jókòó sí. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìyá mi ló máa kọ́kọ́ kàn. Mo máa ń dúró lẹ́nu géètì, wọ́n á máa kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, èmi á máa wo títì.

Mo lọ bá wọn ní Ìyàrá. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yìí sinmi títí a ó fi rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Mo máa rán kàbùkàbù wá gbé Ìyá."

"Kàbùkàbù?" Bàbá wò mí bíi pé mo bú wọn. "Ta ni kàbùkàbù?"

Mo kọjú sí ìyá mi. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀fọ́, wọn ò gbójú sókè. "Mi ò wọ kàbùkàbù o. Bàbá rẹ ló ń gbé mi."

"Ìyá, ẹ ò rí ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ ni?"

"Mo rí i. Ìwọ ni o ò rí nǹkan." Wọ́n wá sọ ohun tí mo ti gbọ́ láti kékeré, ṣùgbọ́n tí mi ò tíì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí Bàbá wá tọrọ wọn ní Kábà, àwọn ará ilé ìyá mi ò fẹ́ gbà. Wọ́n ní bí ìmàle bá ti gbé e dé Ìyàrá, ó parí, kò ní rí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Bàbá dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni àwọn á máa gbé e wá, dé ẹnu ọ̀nà, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, níwọ̀n ìgbà tí àwọn bá ń mí. Àwọn tó gbọ́ ìlérí yẹn ti kú tán. Bàbá ò yẹ̀ ẹ́ rí. Wọ́n ti fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn wá, wọ́n ti fi alùpùpù gbé wọn wá, wọ́n ti ya lọ́rì ìjọba kúrò lọ́nà nítorí ẹ̀. "Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá gbé mi dé ibẹ̀," ni ìyá mi wí, "àwọn ènìyàn á ti mọ̀ pé bàbá rẹ ò sí mọ́."

Mo bá wọn ṣa ẹ̀fọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn, mi ò dúró lẹ́nu géètì. Mo gba ọ̀kadà lọ sí Ìyàrá ní kùtùkùtù, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilé epo títí wọ́n fi jáde, mo ní kí ọlọ́kadà tẹ̀ lé wọn. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Ọkọ̀ náà kò tíì kúrò nílùú tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi pọ́n. Ó pọ́n lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó pọ́n lórí òkè tí ènìyàn kankan kò ti lè tẹ bíréèkì. Mo ń rí orí ìyá mi láti ẹ̀yìn gíláàsì, gèlè funfun, wọ́n ń mi orí, ó dájú pé orin ni wọ́n ń kọ. Tírélà kan yà wá sílẹ̀, ó lọ sún mọ́ wọn, ó fọn fèrè gbọọrọ. Mo pariwo orúkọ Jésù, mo tún pe Ọlọ́hun bí Bàbá ṣe ń pè é. Ọlọ́kadà ní, "Àǹtí, ẹ má fún mi lọ́rùn." Tírélà náà gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó lọ.

A jọ dé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò. Mo sáré bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, mo ní, "Bàbá, ẹ má sọ̀ kalẹ̀! Ẹ má pa á! Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà!" Ẹnu yà wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó. Ìyá mi ti sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí wọ́n lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀ kí wọ́n máa bá mi wo iná.

"Ó ń tàn o," ni ìyá mi pariwo láti ẹ̀yìn.

Mo ṣí ilẹ̀kùn Bàbá. Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn mi, mo ki orí bọ ìsàlẹ̀ láti wá súwíìṣì tí rìwáyà fi hàn mí. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi fà á já. N kò dé ọ̀dọ̀ súwíìṣì. Ẹsẹ̀ òsì bàbá mi ni mo rí. Ó wà lórí bíréèkì, ó kàn sinmi síbẹ̀ jẹ́ẹ́, níbi tí kílọ́ṣì ti máa ń wà nínú gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ti wà láyé wọn.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá! Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì."

"Ẹsẹ̀ wo? Mo ti gbé e kúrò." Wọ́n mi ọ̀tún, tó ti wà lábẹ́ àga. "Ṣé o rí i?"

"Òsì ńkọ́?"

"Òsì wà nílẹ̀. Níbo ló tún fẹ́ lọ?" Wọn ò wo ìsàlẹ̀. Inú dígí òkè ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wo ìyá mi lẹ́yìn ọkọ̀, ojú wọn sì mọ́lẹ̀ bí ojú ẹni tó ń sọ òtítọ́.

Mo fi èékánná tẹ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà. Mo tún un tẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ gan-an, títí ojú ibẹ̀ fi funfun. Bàbá ò yí ojú kúrò nínú dígí; wọn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń tẹ àwọn lẹ́sẹ̀. Mo rántí sálúbàtà tó dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo rántí bí a ṣe rẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹsẹ̀ náà mú, mo rọra gbé e kúrò lórí bíréèkì.

"Ó ti kú!" Ìyá mi ń pàtẹ́wọ́. "Bàbá àwọn ọmọ, ó ti kú o! Olúwa ṣeun!"

Bàbá fọwọ́ lu ọwọ́ ìtọ́kọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín kèékèé. "Ẹ̀hẹ́n! Mo sọ fún ọ pé ọkọ̀ yẹn ni. Ìwọ náà ti di rìwáyà. Kí lo fọwọ́ kàn tó fi kú?"

Ẹsẹ̀ wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi.